Igi Ìyeyè Àlejò

Ọgbẹ́ ẹsẹ̀ ló dá Àdìgún dúró ní Ìgbórè. Bí kì í bá ṣe ti kùkùté kan tó gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kó wọ ìlú náà, ì bá kàn sùn síbẹ̀ mọ́jú, ì bá gba omi mu, ì bá sì kọjá lọ ní tirẹ̀. Orúkọ rẹ̀ kì bá tí dé etí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ọmọ Òkè Arómọ ni. Orí òkè ni wọ́n tẹ ìlú wọn dó sí, ọ̀nà ibẹ̀ sì dà gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ débi pé ẹni tó bá ń gùn ún gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di gbòǹgbò igi mú. Nítorí èyí, àwọn ará ibẹ̀ kì í fi orí ru ẹrù bíi ti àwa yòókù. Agbọ̀n ni wọ́n máa ń hun, wọn a fi awọ ṣe ọ̀já sí i lára, wọn a sì pọ̀n ọ́n sẹ́yìn bí ìyá ṣe ń pọn ọmọ. Ní ẹ̀yìnkùlé bàbá Àdìgún, odò kékeré kan ń sun jáde láti inú àpáta, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ a gbé àpótí, a lọ jókòó tì í.

"Omi yìí ń lọ," ni yóò máa wí. "Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi ló ti ń lọ. Wọ́n ní òkun ló ń lọ, wọ́n sì ní òkun kò ní bèbè kejì. Ó yẹ kí ọ̀kan nínú wa tẹ̀ lé e lọ wò ó."

Bàbá náà kò tẹ̀ lé e títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ìyá Àdìgún ti kú ṣáájú, kò sì ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Nígbà tí wọ́n sin bàbá tán, tí àwọn tó wá bá a kẹ́dùn ti lọ sílé wọn, ó rí i pé òun nìkan ló kù tí òun lè bá sọ̀rọ̀ nínú ilé. Ó pọn agbọ̀n rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó tẹ̀ lé omi. Ogún ọjọ́ ló ti rìn kí kùkùté yìí tó gún un, wọ́n sì sọ fún un pé ìdajì ọ̀nà ni Ìgbórè wà.

Ẹni tó gbà á sílé ni Olóyèdé, àgbẹ̀ kan tó ti ń lọ sí ẹni àádọ́ta ọdún, tó lawọ́, tí àwàdà kì í sì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó rí àlejò tó ń tiro bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n lẹ́yìn, ńṣe ló bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ọkùnrin tó pọn ọmọ!" ló ké sí àwọn ará ilé. "Ọ̀rẹ́, ọkùnrin ni tàbí obìnrin, kí n lè bá ọ sọ ọ́ lórúkọ?"

Àwọn obìnrin ìlú gba àwàdà náà lẹ́nu rẹ̀. Bí wọ́n bá ń lọ sódò láàárọ̀, wọn a yà síbi tí Àdìgún jókòó sí tó na ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn a ní, "Àlejò, ọmọ yín kò mà sunkún lónìí o." Òun náà a rẹ́rìn-ín. Kò tíì rẹ́rìn-ín rí láti ìgbà tí bàbá rẹ̀ ti kú.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọgbẹ́ náà fi jinná. Ìgbà tí yóò fi jinná, òjò ti dé, odò tó wà níwájú ìlú ti kún àkúnya. Ìgbà tí odò fi fà, iṣu ti tó wà, Àdìgún sì ní kò bójú mu kí òun jẹ iṣu ẹni lóṣù mẹ́ta kí òun má bá a wa ìkan. Wọ́n wa iṣu tán, ọyẹ́ dé. Àwọn tó ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ ní gbogbo ìsun omi ojú ọ̀nà ló ti gbẹ. Ó ní kò burú, bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun ń lọ. Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ lóòótọ́.

Ibí ni mo ti gbọ́dọ̀ sọ nǹkan kan nípa awùsá ní Ìgbórè, kí ọ̀rọ̀ mi má baà rú yín lójú. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìtàkùn ni awùsá, igi ló sì máa ń gùn. Ní Ìgbórè, igi ìyeyè ni wọ́n fi ń gbà á, kò sì sí ilé tí kò ní ìyeyè tirẹ̀ lẹ́yìnkùlé, pẹ̀lú awùsá tirẹ̀ lórí rẹ̀. Ọdún kẹrin ló tó ń so dáadáa. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í so, kì í dáwọ́ dúró títí ọmọ ẹni tó gbìn ín yóò fi hu ewú. Nítorí náà, wọn kì í jẹ́ kí àlejò gbin awùsá. Wọn a fún un ní ilẹ̀ àgbàdo, wọn a fún un ní ilẹ̀ ẹ̀fọ́, àwọn ohun tí í tán lójú òjò kan. Ọjọ́ tí onílé bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Wá gbin awùsá," ọjọ́ náà ni ẹni náà kì í ṣe àlejò mọ́. Wọn kì í tún sọ ohun mìíràn lé e. Kò sí ayẹyẹ, kò sí ẹ̀jẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò àkọ́rọ̀ yẹn, Olóyèdé kó kóró awùsá mẹ́ta sínú ewé, ó mú Àdìgún lọ sí ẹ̀yìn ilé kékeré tó fún un. Ìyeyè tuntun kan wà níbẹ̀ tó ti ń rú ewé.

"Láti ìgbà òjò tó kọjá ni mo ti ri igi yìí mọ́lẹ̀," ni Olóyèdé wí. "Tìẹ ni. Gbin awùsá sí i nídìí."

Àdìgún dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ti pẹ́ díẹ̀ nílùú, ó mọ ohun tí wọ́n sọ fún un. Ojú rẹ̀ kún fún omi.

"Baba, ẹ ṣeun. Oore yín kò ní gbé. Ṣùgbọ́n mò ń lọ."

"Ọjọ́ wo?"

"Ó lè jẹ́ òní, ó lè jẹ́ ọ̀la. Bí ilẹ̀ bá ti le díẹ̀ sí i."

"Bí o bá gbìn ín, tí o sì lọ, kí ló bàjẹ́? Ṣé awùsá yóò ní kí o má lọ ni?"

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò ṣe é sọ fún ẹni tó ń ṣe ni lóore. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá gbin awùsá ti sọ fún ẹsẹ̀ ara rẹ̀ pé kó jókòó. Ta ni yóò wá lọ wo òkun fún bàbá òun? Ó tún dọ̀bálẹ̀, ó tún dúpẹ́. Olóyèdé di kóró mẹ́ta náà padà sínú ewé. "Kò burú," ló wí. "Igi kò ní rìn."

Àdìgún bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìrìn àjò náà bí ẹni tó fẹ́ gbé ìyàwó. Ó rí okùn gígùn kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ta kókó. Bí oníṣòwò kan bá ti ìsàlẹ̀ dé, kó tó sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀ ni Àdìgún yóò ti jókòó tì í. Ìlú wo lẹ ti sùn? Ìlú wo ló tẹ̀ lé e? Ṣé wọ́n ń gba àlejò níbẹ̀? Bí wọ́n bá dárúkọ ìlú, a ta kókó kan. Bí wọ́n bá dárúkọ odò, a ta kókó méjì léra. Ibi tí wọ́n bá ní igbó ti dí, a so àkísà pupa mọ́ ọn. Ní ọ̀sán, bí oòrùn bá mú, a jókòó sí abẹ́ ìyeyè náà, a di ojú, a máa fi ọwọ́ wá okùn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Lọ́nà báyìí ó ti dé òkun nígbà àìmọye, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì kúrò ní Ìgbórè. Àwọn ẹlẹ́fẹ̀ ìlú kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. "Òkun ni Àdìgún ń wá," wọ́n ní, "okùn ló rí."

Ó tún agbọ̀n rẹ̀ hun. Ó tọ́jú kèrègbè omi. Ó wá òkúta àti irin tí yóò fi máa ṣáná. Ó lọ àádùn, ó dì í sínú ewé gbígbẹ. Ó wá ku ẹní.

Ahunní tó mọ iṣẹ́ jù ní Ìgbórè nígbà náà ni Àyìnkẹ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n Olóyèdé obìnrin. Ọkọ rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bímọ, ó sì ti padà sí agboolé wọn. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìgbà tí Àdìgún ń tọ́jú ẹsẹ̀, òun ló ń gbé oúnjẹ wá fún un, bó bá sì gbé e kalẹ̀ tán, a máa dúró díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ.

"Báwo lẹ ṣe fẹ́ kó fẹ̀ tó?" ni Àyìnkẹ́ bi í.

"Kó sáà ti gba èmi nìkan. Kí n lè ká a lé agbọ̀n."

Àyìnkẹ́ wo ewé ẹní tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò hun ẹní tó gba ènìyàn kan ṣoṣo rí, àfi ti òkú."

"Má sọ bẹ́ẹ̀. Ti ọ̀nà ni."

"Bí mo bá hun èyí tó fẹ̀ ńkọ́?"

"Yóò wúwo fún ẹnì kan."

"Kò ní wúwo fún ènìyàn méjì," ni Àyìnkẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n Àdìgún gbọ́ ọ ketekete.

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn nínú débi pé ẹ̀rù bà á. Ó fẹ́ sọ pé kó hun èyí tó fẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ti là. Ṣùgbọ́n okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ sì bọ́ sórí kókó kan, kókó odò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó bí obìnrin yóò ṣe la odò náà kọjá.

"Àyìnkẹ́," ló wí, "mò ń lọ. Ó lè jẹ́ ọ̀la pàápàá."

Àyìnkẹ́ hun ẹní náà bó ti ní kó hun ún, tínínrín, ó sì gbé e wá fún un láìgba nǹkan kan. Ó tún gbé oúnjẹ wá fún ọdún méjì sí i. Ní ọdún kẹta, ọkùnrin kan láti Ìwárò wá tọrọ rẹ̀, ó sì gbà. Òwúrọ̀ ọjọ́ tí yóò lọ, ó gba iwájú ilé Àdìgún kọjá pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ lórí, ó sì dúró.

"Ẹ ò tíì lọ?"

"Mò ń lọ lọ́la," ni Àdìgún wí.

"Èmi ń lọ lónìí," ni Àyìnkẹ́ wí. Ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Àdìgún dúró síbẹ̀ títí kò fi rí ẹrù orí rẹ̀ mọ́. Ó wọlé, ó fẹ́ jẹun, ó rántí pé kò sí ẹni tó gbé oúnjẹ wá. Ní ọjọ́ yẹn ni ìdánìkanwà tó bá a láti Òkè Arómọ wá tún padà wọlé tọ̀ ọ́, kò sì jáde mọ́. Ẹni tó ní ilé ti lọ, ẹni tó ní òun ń lọ ló ṣẹ́kù.

Ọdún ń gorí ọdún. Bí ẹ bá ní kí n ka ìdí tí Àdìgún kò fi lọ fún yín, ilẹ̀ yóò ṣú bá wa. Ọdún kan, ikán jẹ ìdí agbọ̀n. Ọdún kan, wọ́n ní ogun wà lọ́nà. Nígbà tí ogun tán, wọ́n ní ìlú méjì ti tú, ó sì di dandan kó tú kókó méjì lára okùn, kó bi ẹlòmíràn léèrè kí ó tó mọ ohun tí yóò fi dípò wọn. Ní gbogbo ìgbà òjò ni àádùn rẹ̀ máa ń bu, tí yóò lọ òmíràn bí ọyẹ́ bá dé. Àwọn aládùúgbò kò bi í léèrè mọ́ pé ọjọ́ wo ni. Bí wọ́n bá pàdé rẹ̀, wọn a kí i pé, "Àlejò, ẹ ò tíì lọ?" gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kí ẹlòmíràn pé ẹ káàárọ̀. Òun náà a dáhùn pé, "Mò ń lọ lọ́la," a sì kọjá sí oko àgbàdo rẹ̀. Kò sí ìkà nínú rẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n bí ìpàdé agboolé bá wà, wọn kì í pè é, nítorí pé àlejò kì í dá sí ọ̀rọ̀ ilé. Bí àwọn arìnrìn-àjò bá sì pé jọ lábẹ́ igi lẹ́nu ibodè, wọn kì í pe òun náà, nítorí lójú tiwọn, onílé ni.

Ìgbà awùsá ló máa ń ṣòro fún un jù. Awùsá kì í ṣe ohun tí à ń gùn lọ ká, fúnra rẹ̀ ló ń já bọ́. Bó bá ti ń já bọ́ gan-an, ọjọ́ kan wà ní Ìgbórè tí ilé kọ̀ọ̀kan máa ń se tirẹ̀, wọn a kó o síta, wọn a jókòó lẹ́nu ọ̀nà, wọn a máa pa á jẹ. Ìró èèpo tó ń fọ́ ni wàá máa gbọ́ káàkiri. Wọ́n ń bu fún Àdìgún, kò sí ilé tí kì í bù fún un. Àwo rẹ̀ máa ń kún ju ti onílé lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan ló ń gba awùsá lọ́jọ́ náà tí kò rí èyí tí yóò bù fún ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn ilé rẹ̀, ìyeyè tí Olóyèdé rì ti di igi ńlá, kò sì sí ohun kan lórí rẹ̀.

Ọdún kọkànlélógún ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wọ ìlú, Bánjókò ni orúkọ rẹ̀. Àpò kan ṣoṣo ló gbé kọ́ èjìká. Odò tó kún ló dá a dúró, Olóyèdé, tó ti darúgbó, sì gbà á sílé. Àdìgún bi í níbi tó ń lọ.

"Òkun ni," ni Bánjókò wí. "Wọ́n ní kò ní bèbè kejì. Mo ní irọ́ ni, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Inú Àdìgún dùn bí ẹni rí arákùnrin. Ó na okùn rẹ̀ sílẹ̀ fún un, ó fi kókó mọ́kànlélógójì hàn án níkọ̀ọ̀kan. Bánjókò gbọ́ gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, ó sì ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà mọ ọ̀nà yìí ju ẹni tó ti rìn ín lọ o."

Bánjókò kò ju oṣù mẹ́ta lọ ní Ìgbórè, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò bá ṣiṣẹ́. Nígbà tí odò fẹ́ máa fà, Olóyèdé pè é, ó ní, "Wá gbin awùsá." Ọjọ́ náà gan-an ló gbìn ín sídìí ìyeyè tuntun kan lẹ́yìn ilé Olóyèdé. Kò tilẹ̀ wọlé lọ wá ọkọ́. Igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó ló fi gbẹ́ ihò.

"Ṣé o ò lọ mọ́ ni?" ni Àdìgún bi í.

"Mo ṣì ń lọ lọ́tùnla, ẹ̀gbọ́n."

"Ta ni yóò wá jẹ ẹ́?"

"Ẹni tó bá wà nílé," ni Bánjókò wí, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ nù. "Ẹ jẹ́ ká jọ lọ. Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà, èmi ni mo lágbára. Kí lẹ tún ń wá?"

Àdìgún gbà. Ìmúra ló fi gbogbo ọjọ́ kejì ṣe. Ó di ẹrù rẹ̀, ó tú u, ó tún un dì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, Bánjókò dé ẹnu ọ̀nà, ó bá a tó pọn agbọ̀n, tó dúró, ṣùgbọ́n tó mú okùn dání tó ń wò ó.

"Láàárín kókó kẹrìndínlógún àti ìkẹtàdínlógún," ni Àdìgún wí, "mi ò mọ̀ bóyá ìlú kan tún wà níbẹ̀. Àwọn oníyọ̀ ń bọ̀ lọ́la. Jẹ́ kí n bi wọ́n ná. Máa lọ, n ó lé ọ bá."

Bánjókò tún àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó dọ̀bálẹ̀ fún un, ó sì lọ. Àdìgún dúró pẹ̀lú agbọ̀n lẹ́yìn títí oòrùn fi ga, kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Ọdún kejì ni Olóyèdé dùbúlẹ̀ àìsàn, tí kò sì dìde mọ́. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀, ó ní, "Ìyeyè ẹ̀yìn ilé Àdìgún, ẹ má gbin nǹkan kan sí i. Ti àlejò mi ni. Ó lè gbìn ín lọ́la." Ẹ̀fẹ̀ ló fi kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì sunkún. Wọn kò sì fọwọ́ kan igi náà.

Lẹ́yìn ọdún méjì sí i, ní ọjọ́ tí wọ́n ń jẹ awùsá gan-an, Bánjókò padà dé. Ara rẹ̀ ti le, oòrùn ti sun ún dúdú. Bó ti ń wọ ìlú ni wọ́n ń kígbe mọ́ ọn pé, "Bánjókò, awùsá rẹ ti so o!" Láti ọdún náà ni wọ́n ti ń pe ìtàkùn náà ní awùsá Bánjókò, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí pàápàá ń dárúkọ rẹ̀. Wọ́n gbé àwo tirẹ̀ fún un. Kò jókòó jẹ ẹ́, ó gbé e lọ bá Àdìgún níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo náà fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ní bèbè kejì tàbí kò ní, ojú ò tó o," ló wí. "Mo wò ó títí, omi ojú bọ́ lójú mi."

Àdìgún gba àwo náà. Ó ń pa awùsá náà jẹ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bánjókò wá yọ ahá kékeré kan tó fi ìda dí lẹ́nu.

"Mo bu díẹ̀ wá fún yín."

Ẹnikẹ́ni tó bá ti jẹ awùsá rí mọ̀ pé bí a bá mu omi lé e, omi náà a máa korò lẹ́nu. Àdìgún gbé ahá náà sẹ́nu. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò. Ó korò.

"Ṣé bí òkun ṣe rí nìyí," ló bi Bánjókò, "àbí awùsá ni?"

Bánjókò gbójú sókè wò ó. Ó rí i pé ọkùnrin náà ń sunkún, kò sì fi í pamọ́. Òkun ẹlòmíràn ló mu lé awùsá ẹlòmíràn lórí, kò sì mọ adùn èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Bánjókò," ni Àdìgún wí nígbà tó yá, "bá mi wá kóró awùsá. Mo fẹ́ gbin tèmi."

"A ti se gbogbo èyí tó wà nílẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Òmíràn á já bọ́ láàárọ̀. N ó kó o wá fún yín lọ́la."

"Lọ́la," ni Àdìgún wí. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Bánjókò mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. Kí ìrì tó gbẹ, ó ti gbé kóró mẹ́ta tútù wá, ó sì fẹ́ bá a gbẹ́ ihò. Àdìgún ní kó jẹ́ kí òun fi ọwọ́ ara òun ṣe é. Nígbà tí Bánjókò lọ tán, ó mú ọkọ́, ó gbẹ́ ihò nídìí ìyeyè náà. Ihò dára, ilẹ̀ tutù. Ó mú kóró mẹ́ta náà dání lókè ihò, ó sì dúró. Ó rò ó pé bí wọ́n bá ti bọ́ sínú ilẹ̀, a jẹ́ pé òun kò lọ mọ́ nìyẹn. A jẹ́ pé òun ni bàbá òun tí í jókòó ti odò. Ó fi ẹsẹ̀ wọ́ iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ihò náà, ó so kóró mẹ́ta mọ́ àkísà kan, ó kó o sínú agbọ̀n rẹ̀.

"Ó di ọ̀la," ló sọ fún igi náà.

Nígbà ọyẹ́ ọdún náà, wọ́n rí i pé ẹnu ọ̀nà Àdìgún kò ṣí láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé, ó ti kú, ó kọjú sí agbọ̀n. Bánjókò, tó ti fẹ́yàwó ní Ìgbórè nígbà náà, ló tú ẹrù inú rẹ̀. Ó bá àádùn tuntun, kèrègbè, òkúta ìṣáná, okùn oníkókó mọ́kànlélógójì. Ó bá ẹní tínínrín kan tí kò tíì kan ilẹ̀ rí. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ó bá kóró awùsá mẹ́ta nínú àkísà. Wọ́n ti gbẹ, inú wọn ń dún kúlúkúlú. Wọ́n bi ara wọn pé ẹní wo ni kí àwọn fi di òkú rẹ̀. Ìyá àgbà kan ní kò sí ohun tí wọ́n ń wá, pé ẹní tó gba ènìyàn kan ló wà nílẹ̀ yẹn. Òun ni wọ́n fi dì í, wọ́n sì sin ín sídìí ìyeyè rẹ̀.

Kò sí ẹni tó gbin nǹkan kan sí igi náà títí tó fi gbó. Bí òjò bá rọ̀, tí gbogbo ìyeyè ìlú wọ ewé awùsá bí aṣọ, ọ̀kan yìí a dúró ní ìhòòhò láàárín wọn. Bí ẹni tó ń kọjá bá sì béèrè ohun tó dé tí èyí fi yàtọ̀, àwọn ará Ìgbórè a fi ohùn pẹ̀lẹ́ dá a lóhùn. Èsì wọn yẹn ló rìn jáde ní Ìgbórè, tó gba ọ̀nà tí Àdìgún kò gbà, tó dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa, tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe títí dòní pé: "Mò ń lọ lónìí, mò ń lọ lọ́la, ni kò jẹ́ kí àlejò gbin awùsá."